Àbúrò Rẹ̀ Ló Fi Kọ́ṣẹ́

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ ní sùúrù díẹ̀ kí ẹ tó ṣépè. Obìnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín yìí kì í ṣe ìkà. Ká ní ìkà ni, ìtàn náà ì bá rọrùn láti sọ: ẹ ó bú u, ẹ ó sì ṣí ojú ewé kejì. Ẹni tó fẹ́ràn àbúrò rẹ̀ dénú ni. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́, ó sì ní kí n má ṣe bo òun láṣìírí.

Janelle Haugen ni orúkọ rẹ̀. Ilé ìdáná ọgbà ẹ̀wọ̀n ìjọba ìbílẹ̀ wa níhìn-ín ní Minisóta, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó ti pẹ́ tó ti ń bu ọ̀dùnkún gígún fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n, ó sì ti sú u. Ohun tó ń wù ú ni kó di ọ̀kan lára àwọn tó máa ń bá ẹlẹ́wọ̀n jókòó, tí wọ́n á wádìí ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kí adájọ́ tó dájọ́. Ìdí nìyẹn tó fi forúkọ sílẹ̀ ní yunifásítì kan tó ń kọ́ni lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, láti gba dìgírì nínú ìmọ̀ ọkàn ọ̀daràn.

Orí tábìlì ilé ìdáná rẹ̀ ni yunifásítì ọ̀hún wà. Kò sí géètì, kò sí kíláàsì, kò rí olùkọ́ lójúkojú rí. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, olùkọ́ á gbé ìbéèrè sórí pátákó ìjíròrò lórí kọ̀ǹpútà. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan á kọ tirẹ̀ síbẹ̀, á sì fèsì sí ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì. Máàkì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ń dun Janelle ju máàkì lọ ni pé tirẹ̀ ni wọn kì í fèsì sí. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Bryce, ní Arísónà lọ́hùn-ún. Bó bá ti kọ ìlà mẹ́ta, gbogbo wọn á máa yìn ín bí ẹni rí ọba. Janelle á kọ odidi ojú ewé, ibẹ̀ á dá páropáro.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Loren, ló ń bá a gbé látìgbà tí ìyá wọn ti kú. Loren ga, ó sì síngbọnlẹ̀ bí ilẹ̀kùn, àmọ́ ọkàn rẹ̀ rọ̀ bíi ti ọmọdé. Ilé ìkó-ọkà-sí ló ti ń gbálẹ̀, òun ló sì ń ṣílẹ̀kùn fún àwọn ọkọ̀ tó ń já ọkà. Kò lè fara da kí ẹnikẹ́ni fajú ro sí i. Bí ẹ bá sọ fún Loren pé òjò ń rọ̀ nígbà tí oòrùn ń ràn, á wo ojú yín dáadáa, á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń rọ̀ díẹ̀."

Ó tún máa ń lọ ran bàbá àgbàlagbà kan lọ́wọ́, Verlyn Odegaard, láti fún àwọn ọmọ màlúù rẹ̀ lómi. Ìgbà tí àwọn àgbẹ̀ ń kórè lọ́wọ́ ni abà Verlyn, tó wà lẹ́bàá ojú irin, gbiná. Kò sí èyí tó jáde nínú àwọn ọmọ màlúù náà. Gbogbo ìlú ló gbọ́ igbe wọn. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ nílẹ̀ pé ṣebí Loren ló wà níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́ sétí Janelle, àmọ́ ojú lọ̀rọ̀ wà, ó ń rí i lójú wọn.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni olùkọ́ wọn, Dókítà Pruitt, fún wọn ní iṣẹ́ lórí bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ wá ẹnì kan lẹ́nu wò. Kí kálukú wá ẹnì kan nílé, kó bi í nípa nǹkan kékeré, bí oúnjẹ àná tàbí ìrìn-àjò kan, kó wá kọ bó ṣe bi í àti ohun tó gbọ́. Olùkọ́ fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: ẹ má ṣe fi ọ̀ràn gidi ṣe é, ẹ má sì ṣe fi ẹni tó tètè máa ń gba ohun tí a bá sọ fún un ṣe é.

Janelle kà á. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: ó kà á.

Ṣùgbọ́n ó rò ó lọ́kàn pé, "Ta ló máa fẹ́ ka ìtàn ẹyin díndín?" Ó tún rò ó pé bí Loren bá fẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé ọjọ́ yẹn dáadáa, òun á lè jáde lọ pa àwọn aláhesọ lẹ́nu mọ́. Ìdẹwò tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, aṣọ oore ló máa ń wọ̀ wá. Kò mọ èyí tó wúwo jù lọ́kàn òun nínú méjèèjì, títí dòní kò mọ̀ ọ́n.

Ó gé kéèkì sínú àwo, ó pe àbúrò rẹ̀.

"Loren, wá jókòó. Mo fẹ́ fi ẹ́ ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé mi."

"Ṣé ó máa dùn mí?"

"Abẹ́rẹ́ kọ́, jàre. Ọ̀rọ̀ lásán ni. Sọ gbogbo ohun tó o ṣe lọ́jọ́ tí abà jó fún mi."

Loren bu kéèkì sẹ́nu. "Mo fún àwọn ọmọ màlúù lómi. Mo fọwọ́ pa èyí tó ní funfun níwájú orí lára. Mo wá sílé. O se ẹran."

"Kí ló tún ṣẹlẹ̀?"

"Kò sí nǹkan mọ́."

Janelle dákẹ́. Wọ́n ti kọ́ ọ pé ìdákẹ́jẹ́ máa ń fa ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu èèyàn. Ó kàn ń wò ó. Loren ò jẹ kéèkì mọ́.

"Nelly, ṣé inú ń bí ẹ ni?" Nelly ni Loren máa ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Inú ò bí mi. Àmọ́ ẹni tó bá gbàgbé nǹkan kì í mọ̀ pé òun gbàgbé. Àtùpà pupa yẹn ńkọ́, èyí tí Verlyn máa ń so sókè láti mú ara àwọn ọmọ màlúù gbóná? Ṣé o ò fọwọ́ kàn án?"

"Mi ò fọwọ́ kàn án."

"Gbogbo èèyàn ló ń ṣàṣìṣe, Loren. Èmi náà ti gbàgbé ìkòkò lórí iná rí. Mi ò ní bínú. Kò sẹ́ni tó máa bínú. Ara á kàn tù ẹ́ bó o bá sọ ọ́ ni."

"Mi ò rò pé mo fọwọ́ kàn án."

"O ò rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò dá ẹ lójú?"

Loren wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó wò ó pẹ́. "Bóyá mo tàn án," ló wí. "Bóyá òtútù ń mú wọn. Bóyá mo gbé e sórí koríko."

"Ṣé bóyá ni, àbí bẹ́ẹ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Má bínú, Nelly."

Ẹ̀yin ará, ìdùnnú ló kọ́kọ́ sọ lọ́kàn rẹ̀. Kì í ṣe àánú, kì í ṣe ẹ̀rù. Ó ní bí òun bá ní kí òun gbàgbé gbogbo rẹ̀, ìdùnnú yẹn kò jẹ́. Ó dìde, ó gbá Loren mọ́ra, ó ní, "O ṣeun, o ṣe dáadáa." Loren sì rẹ́rìn-ín nítorí pé wọ́n yìn ín. Ló bá jẹ ìyókù kéèkì rẹ̀.

Janelle kọ ọ́ sórí pátákó. Ó pe àbúrò rẹ̀ ní "L., ọkùnrin kan tí mo mọ̀." Ó ní abà kan jó ní apá àríwá. Ó kọ bí òun ṣe dákẹ́, bí òun ṣe fọkàn ẹni náà balẹ̀, bí òtítọ́ ṣe wá yọrí. Ó kọ ọ́, ó dùn-ún kà.

Nígbà tó fi máa débi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, èsì ti kún ibẹ̀. "Ó kàmàmà!" "Èyí ni mo kà tí irun orí mi dìde!" Bryce alára kọ̀wé pé, "Janelle, a ṣí fìlà fún ọ o. Níbo lo fara pamọ́ sí látọjọ́ yìí?" Orí Janelle wú. Ó ń fọ ìkòkò lọ́gbà ẹ̀wọ̀n, ó ń rẹ́rìn-ín sínú.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ kan fi wọlé láti ọ̀dọ̀ Dókítà Pruitt, òun nìkan ni wọ́n kọ ọ́ sí. "Janelle, ṣé ọ̀ràn gidi nìyí? Ta ló kọ́kọ́ dárúkọ àtùpà, ìwọ tàbí òun? Jọ̀wọ́ pè mí lónìí."

Ìbéèrè yẹn gún un lọ́kàn. Ó pa fóònù dé. Ó ní òun á pè é lọ́la.

Kí ọ̀la tó dé, ẹlòmíràn ti fèsì lórí pátákó. Ẹni tí wọ́n ń pè ní Shawna B., tí kò fi àwòrán ara rẹ̀ síbẹ̀, àfi òdòdó. Ohun tó kọ kò gùn: "Ṣé abà ẹ̀bá ojú irin ni? Ṣé Loren ni L. yìí?"

Lọ́kàn Janelle, àwọn tó wà ní kíláàsì yẹn jìnnà sí i bí òṣùpá. Kò rò ó rí pé àwọn ọlọ́pàá, àwọn wọ́dà àtàwọn ìyàwó wọn ló pọ̀ jù nídìí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, àti pé ìlú tiwa náà ní ọlọ́pàá. Shawna Bakke ni. Ìyàwó Curt Bakke, ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ ọ̀nà wa. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni Janelle ti ń kọ "mo fara mọ́ ọ" sábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, tí wọ́n sì jọ ń ra mílíìkì ní ṣọ́ọ̀bù kan náà.

Ó sáré lọ pa ohun tó kọ rẹ́. Pátákó kọ̀. Bí ẹlẹgbẹ́ ẹni bá ti fèsì, ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kò ká a mọ́. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Curt lọ bá Loren níbi iṣẹ́. Kò pariwo, kò fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ hàn án. Ó kàn béèrè ni. Loren sì sọ ọ́ fún un bó ṣe sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó tiẹ̀ fi kún un pé wáyà àtùpà náà dúdú. Ọ̀gá ilé ìkó-ọkà-sí gbọ́. Ẹ mọ̀ pé eruku ọkà máa ń gbiná bí epo, wọn ò lè gba ẹni tó ń gbàgbé iná síbẹ̀. Wọ́n ní kí Loren máa lọ sílé títí wọn á fi ránṣẹ́ pè é. Curt ní òun máa gbé ọ̀rọ̀ náà fún agbẹjọ́rò ìjọba kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Janelle lè sọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Ó dákẹ́. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé, "Ó ṣáà jẹ́wọ́. Ta ló mọ̀, bóyá òun ló ṣe é lóòótọ́?" Ó tún ń rò ó pé bí òun bá la ẹnu, òun á pàdánù dìgírì, òun á pàdánù iṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ó ń jókòó ti àbúrò rẹ̀ nídìí oúnjẹ, ó ń bu oúnjẹ fún un.

Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, gbogbo wa sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì láti mu kọfí, bí a ti máa ń ṣe. Ní ìlú wa, a kì í pariwo mọ́ èèyàn. A máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i ni, a ó sì gbé àga wa lọ síbòmíràn. Báyìí ni Loren ṣe dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò kọfí, tí àyíká rẹ̀ ṣófo. Èmi náà wà níbẹ̀. Èmi náà gbé àga mi.

Loren wá gbéra, ó rìn tọ Verlyn lọ. Gbogbo ojú tẹ̀ lé e.

"Ọ̀gbẹ́ni Odegaard, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Èmi ni. Mo gbàgbé àtùpà sórí koríko."

Verlyn gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kì í yá bàbá yẹn lẹ́nu. "Àtùpà wo, Loren?"

"Èyí pupa, sà."

"Èyí pupa wà nínú gáréèjì mi. Látìgbà tí yìnyín ti yọ́ ni mo ti ká a kúrò. Kò sí àtùpà kankan nínú abà yẹn, ọmọ mi."

"Ó wà níbẹ̀, sà." Loren ń fẹ́ kó yé bàbá. "Nelly ló sọ bẹ́ẹ̀."

Curt yí ọrùn padà, ìyàwó rẹ̀ náà yí ọrùn padà. Janelle wà nídìí tábìlì tí wọ́n to kéèkì sí, ó di àwo mú lọ́wọ́.

"Janelle," Curt ní, "ṣé ìwọ lo kọ́kọ́ dárúkọ àtùpà fún un ni?"

"Mi ò rántí."

Inú ilé Ọlọ́run ló ti sọ bẹ́ẹ̀.

Loren ló wá gbà á sílẹ̀. Ó dúró síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó nawọ́ bí ẹni tó fẹ́ dá ọkọ̀ dúró. "Ẹ má bá Nelly wí. Èmi ni mo máa ń gbàgbé nǹkan. Ẹni tó bá gbàgbé nǹkan kì í mọ̀ pé òun gbàgbé."

Ọ̀rọ̀ Janelle ni. Ó gbọ́ ọ láti ẹnu àbúrò rẹ̀ bí òun gan-an ṣe sọ ọ́, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́ tí òun fi sọ ọ́. Àwo bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Irọ́ ni mo pa," ló wí. "Mo rántí. Èmi ni mo fi àtùpà sí i lẹ́nu. Ó sọ fún mi léraléra pé òun ò fọwọ́ kàn án, mi ò gbà. Mo fi ń ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé ni." Ẹkún gbà á lẹ́nu.

Shawna ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Èmi sì ń rò pé ìwọ lo mọ iṣẹ́ yẹn jù nínú gbogbo wa ní kíláàsì." Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ojú ń ti òun náà, torí òun ló gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé fún ọkọ rẹ̀.

Verlyn dìde, ó mú fìlà rẹ̀. "Mo ti sunkún àwọn màlúù mi, Janelle," ló wí. "Wọ́n ti kú. Ọmọ ìyá tìrẹ wà láàyè, wo ohun tó o fi í ṣe." Ó fọwọ́ kan Loren léjìká, ó sì jáde.

Kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn. Ìjọba rán ẹni tó mọ̀ nípa iná wá, ó tú eérú abà náà. Koríko tútù tí wọ́n dì jọ sínú abà fún oúnjẹ màlúù ló fà á. Òjò ti ń ṣú, Verlyn kánjú dì í kó tó gbẹ, koríko náà wá ń móoru nínú ara rẹ̀ títí ó fi gbiná. Verlyn sọ ọ́ fún gbogbo ìlú fúnra rẹ̀. Ó ní, "Èmi ni mo kánjú." Ilé ìkó-ọkà-sí pe Loren padà. A padà wá ń jókòó tì í, a ń bu kọfí fún un ju bó ṣe lè mu lọ.

Dókítà Pruitt pe Janelle lórí fóònù kí yunifásítì tó ní kó dá ẹ̀kọ́ dúró ná. Kò bú u. Ó ní, "Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bi ọ́. Lọ́jọ́ tí mo bi ọ́, ó ṣì ṣeé tún ṣe." Janelle ní èébú ì bá sàn fún òun.

Lọ́jọ́ tí èsì ìwádìí dé, ó sáré wọlé. Loren ń nu àwo.

"Loren! Ìwọ kọ́ o! Koríko tútù ni. Kò sí àtùpà kankan níbẹ̀ rárá!"

"Háà," Loren wí. "Ó dáa." Ó nu àwo mìíràn. "Ṣùgbọ́n mo rí i, Nelly."

"Kí lo rí?"

"Àtùpà yẹn. Mo rí i tó pupa sí wọn lára. Èyí tó ní funfun lórí ń wò mí."

Janelle jókòó, ó ṣàlàyé fún un. Verlyn wá, òun náà ṣàlàyé. Loren gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó mi orí. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Kò sí àtùpà." Inú Verlyn dùn, ó lọ. Ṣùgbọ́n Janelle mọ bí orí yẹn ṣe mì. Bó ṣe gbà fún òun náà nìyẹn lọ́jọ́ kéèkì. Bí Verlyn bá wà níbẹ̀, kò sí àtùpà. Bí ẹnikẹ́ni kò bá sí níbẹ̀, àtùpà wà, Loren sì ń dá sunkún nínú yàrá rẹ̀ nítorí àwọn ọmọ màlúù tí kò pa.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó fẹ́ràn yín débi pé kò lè jiyàn pẹ̀lú yín. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ohun tí a bá fi tìfẹ́tìfẹ́ gbìn sọ́kàn irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìfẹ́ kan náà kò lè hú u. Janelle ní òun kò mọ̀ bóyá òun á padà sídìí ẹ̀kọ́ náà, àmọ́ kì í ṣe ìyẹn ló ń dùn ún.

Ó sọ ohun tó ń dùn ún fún mi. Ó ní lọ́jọ́ kan tí àwọn méjèèjì jẹun tán, òun ò lè mú un mọ́ra mọ́. Òun ní, "Loren, ohun tí mo ṣe sí ẹ burú. Ṣé o ti dárí—"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Nelly," Loren dá a lóhùn kó tó sọ ọ́ tán. Ó wá tẹjú mọ́ ọn, ó ń wò ó bóyá ohun tó fẹ́ gbọ́ nìyẹn.